Ṣọ́ọ̀kì Tí Bàbá Mi Yàn

Bàbá mi fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju ìyá mi lọ. Kì í ṣe pé mò ń bú òkú. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi í pa mọ́. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn gbọọrọ. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wa ní Ìlá á ti sá wọlé kí ọkọ̀ náà tó yọ. Òyìnbó kan tó wá la ọ̀nà ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀.

Obì ni bàbá mi ń tà, lọ́rì rẹ̀ ló sì ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Lọ́rì ń wá owó, ọkọ̀ pupa ń ṣe ṣekárími. Bó bá di Iléyá, ọ̀nà kan là ń gbà lọ sí Yídì, òmíràn là ń gbà bọ̀, bí ẹ̀sìn ti wí. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀sìn wí, èyí ni bàbá mi gbọ́ jù, torí ó ń jẹ́ kí apá méjèèjì ìlú rí i. Nígbà náà, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ olówó. Bí ìdí ọkọ̀ rẹ bá ti wálẹ̀, wọ́n á ní nǹkan ti ń ṣe ẹ́.

Àwọn ṣójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà lọ́dún tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, irin tí kì í jẹ́ kó ta nínú kòtò, kú. Ọdún yẹn náà ni ìyá mi ru omi bọ̀ láti odò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, tó fìdí balẹ̀, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán. Dókítà ní Òṣogbo ní yóò so, pé yóò tún nàró ṣánṣán, bí nǹkan kan ò bá ṣáà ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ó ní kó máa wá lóṣooṣù kí òun máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Páàtì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mẹkáníìkì bàbá mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Ìlá, wá a dé Èkó, ó kó oríṣi ṣọ́ọ̀kì méjì bọ̀, ó sì ránṣẹ́ pé kí bàbá mi wá yan èyí tó wù ú. Bí èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀ lé e lọ, ìyá mi pè mí sídìí ẹní.

"Bá mi bẹ̀ wọ́n," ló wí. "Ní kí wọ́n mú èyí tó rọ̀. Ẹ̀yìn mi ò gba líle."

Mẹkáníìkì tẹ́ àpò ìdọ̀họ sílẹ̀, ó kó wọn lé e. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú. Ó fàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọra wọlé, ó rọra jáde. Èkejì ki pọ́pọ́, sípíríǹgì wé mọ́ ọn lára. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Alájì, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, eléyìí le," ni mẹkáníìkì wí. "Yóò gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, àmọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo, yóò máa ta bí ẹṣin. Àfi kí ẹ di iṣu kún búùtù, ìgbà yẹn ni yóò fara balẹ̀."

"Tí mo bá di iṣu sí i, ṣé ìdí rẹ̀ ò ní wálẹ̀?"

"Yóò wálẹ̀ díẹ̀."

"Ìyẹn ni mi ò fẹ́."

Mo jíṣẹ́ ìyá mi. Kò wojú mi. "Ṣé ìyá ẹ ló ń wa ọkọ̀ ni?" ló wí, ó sì fẹsẹ̀ ti èyí tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ Iléyá, ìdí ọkọ̀ wà lókè bíi ti adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Àwọn èèyàn hó yèè. Orí ẹní ni ìyá mi ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Ọkọ mọ́tò ti dé."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, a gba Ìrèé gbé ìyá mi lọ sí Òṣogbo. Èmi ni mo jókòó tì í lẹ́yìn, tí mo di ìbàdí rẹ̀ mú. Ní kòtò àkọ́kọ́, ìjókòó ta á sókè, ó balẹ̀ gbì, ó sì ké. Bàbá mi na ọwọ́, ó yí rédíò sókè. Bó ti ń ké ló ń yí i, títí ohùn rédíò fi ń ya. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé, ó ní egungun tó ti ń so ti yẹ̀.

Lóṣù kejì, a ti tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ tán kí n tó sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣu wà nílé, ẹ jẹ́ ká di díẹ̀ sí búùtù."

"Kí ìdí ọkọ̀ wálẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará Ìrèé máa fi wá rẹ́rìn-ín ni?"

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀. Nígbà tí ìyá mi máa dìde, títẹ̀ ló dìde, kò sì nà mọ́. Obìnrin tó ga ju bàbá mi lọ wá ń wò ó láti ìgbáròkó. Bàbá mi á nawọ́ sí i níwájú àlejò pé, "Ẹ wo ìyàwó mi, kò nílò kó kúnlẹ̀ kí mi mọ́." Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á gbé omi fún wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gun orí lọ́rì lọ wo bí wọ́n ti di obì, ó já bọ́, itan rẹ̀ sì kán. Mẹkáníìkì ló wa ọkọ̀ pupa gbé e lọ sí Òṣogbo. Ẹ̀yìn ni bàbá mi sùn sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan mi. Ìyá mi jókòó níwájú, títẹ̀.

A ò tíì jáde nílùú tí bàbá mi fi figbe ta. "Ẹ dúró! Ẹ padà lọ di iṣu sí búùtù!"

Mẹkáníìkì tẹ búréèkì, ó ti fẹ́ yí orí ọkọ̀ padà.

"Ẹ má padà," ni ìyá mi wí.

"Ìyá wọn, mo bẹ̀ ọ́."

"Ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, Alájì. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará Ìrèé máa fi wá rẹ́rìn-ín ni?"

Mẹkáníìkì wojú rẹ̀, ó wo bàbá mi nínú dígí, ó sì ju jíà síwájú. Ní kòtò àkọ́kọ́, bàbá mi ké. Ìyá mi na ọwọ́, ó yí rédíò sókè.