Yàrá Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Òórùn dòdò Ìkirè ló máa ń rán mi létí kóòtù. Àwọn obìnrin kan ń dín in lẹ́yìn ilé ẹjọ́ nígbà náà, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù, ata àti epo pupa á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa, ebi á máa pa adájọ́ àti ẹlẹ́jọ́ pọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló pe ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lẹ́jọ́. Ìjà ààlà oko kòkó ní Àpòmù ló gbé e débẹ̀, kí wọ́n tó ní kò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi rìn wọlé, ọ̀pá ló fi jáde. Ó ní inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí èèyàn ò lè na ẹsẹ̀, ni wọ́n ti òun mọ́. Àwọn aláṣẹ ọgbà náà ní irọ́ ni, kò sírú yàrá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa pàápàá ń wò ó bí òpùrọ́ tó fẹ́ gbowó ìjọba, ìyẹn sì dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.

Kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, lọ́yà wa bẹ kóòtù pé kí wọ́n jẹ́ ká wọbẹ̀, ká wọn yàrá náà, ká ya fọ́tò rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò mi nìkan la ní. Lọ́yà tiwọn kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, àjèjì ò gbọdọ̀ débẹ̀. Àríyànjiyàn yìí la ń bá yí, tí wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, títí gbogbo ẹ̀ fi sú mi.

Lọ́jọ́ kan, adájọ́, ìyá àgbàlagbà kan tí ohùn wọn kì í ròkè, bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹ ní yàrá ò sí. Kí lẹ wá ń ṣọ́ níbẹ̀?"

Adájọ́ ní àwọn fúnra àwọn á lọ wò ó.

Àbúrò mi ló júwe ọ̀nà fún wa, ó di ẹ̀yìn ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ilẹ̀kùn irin kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́dà tó ṣí i ní ọkọ́ àti àdá làwọn ń kó síbẹ̀, àwọn ò fi èèyàn síbẹ̀ rí. Adájọ́ gbé báàgì wọn fún akọ̀wé kóòtù, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wọlé.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́dà wojú ọ̀gá rẹ̀.

"Mo ní ẹ tì í."

Ó tì í. Ọ̀rẹ́ mi, orí mi wú! Odindi adájọ́ nínú àhámọ́! A dúró, a ò gbúròó wọn. Ìgbà náà ni àbúrò mi fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó sì fẹnu sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má dúró. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lélẹ̀ níbí. Abẹ́ ilẹ̀kùn latẹ́gùn ń gbà wọlé."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tó sọ yẹn. Àánú ìyá náà ló ṣe é. Lọ́yà tiwọn gbọ́ ọ, ó sì ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, erùpẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ adájọ́. Wọn ò nù ún. Wọ́n ní kí lọ́yà wa wọlé, kó lọ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àbúrò mi, tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ẹjọ́ náà pẹ́ kó tó parí, a sì jàre. Síbẹ̀, erùpẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ló ń jọ mí lójú di òní, pé ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ lè dojú délẹ̀ níbi tí àbúrò mi dojú dé, kó tó sọ pé òun gbà á gbọ́ tàbí òun ò gbà á gbọ́. Bí èèyàn bá bi àbúrò mi ní ọjọ́ tó jáde lẹ́wọ̀n, kì í dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí màmá yẹn jáde ni òun náà jáde.