Ata Inú Ọbẹ̀ Màmá Nora

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọ kékeré ní Houston, ìyá arúgbó òyìnbó kan tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa ló máa ń mójú tó mi. Màmá Nora là ń pè wọ́n. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni wọ́n, ọkọ wọn ló mú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí Mọ́mì wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí Dádì sì wà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ Màmá Nora ni mo máa ń wà. Wọ́n á po tíì fún mi, mílíìkì inú ẹ̀ á pọ̀ ju tíì lọ, wọ́n á sì ní kí n kàwé sókè kí wọ́n lè gbọ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ ó rántí ooru ìgbà yẹn, àti ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo tó ń kùn ní pálọ̀ tí gbogbo wa á lọ kó jọ sí iwájú ẹ̀.

Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ọkọ wọn kú. Látìgbà náà ni Màmá Nora ò ti jẹun mọ́. Mi ò bù mọ́ ọn o, tíì nìkan ni wọ́n ń mu. Aṣọ wá ń yọ̀ bọ́ léjìká wọn. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Baytown, wá sọ fún Mọ́mì pé bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí oṣù tó parí, òun á mú wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sunkún títí ìrọ̀rí mi fi tutù. Ìyá tó bí Dádì wà ní Iléṣà, inú fọ́tò nìkan ni mo ti mọ̀ wọ́n. Màmá Nora ni ìyá àgbà tí mo ní.

Mọ́mì ní oúnjẹ ìlú Màmá Nora gan-an lòun máa sè fún wọn. Wọ́n lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Màmá Nora ní ẹran àgùntàn ni, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti iyọ̀, kí wọ́n wá tẹ pòtétò mọ́ kábéèjì àti bọ́tà. Mọ́mì dúró kí wọ́n máa ka ìyókù, àfi bí wọ́n ṣe ní ó ti parí. Nígbà tí Mọ́mì padà sílé, wọ́n sọ fún Àǹtí Fúnkẹ́, ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹran tí kò fojú kan ata, kí ló fẹ́ máa dùn lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Síbẹ̀, wọ́n ṣèlérí pé ata ò ní débẹ̀, torí ìrẹsì tiwa tí Màmá Nora tọ́ wò lẹ́ẹ̀kan, odindi jọ́ọ̀gì omi ni wọ́n fi lé e.

Ọ̀sán Sátidé la sè é. Èmi ni mo bẹ pòtétò, Mọ́mì sì ní ṣé garawa ìdọ̀tí ni mò ń gbọ́ bùkátà fún ni, torí èèpo tí mò ń bẹ ti nípọn jù. Dádì rẹ́ kábéèjì. Ní ti pòtétò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títẹ̀ nínú ilé wa. Gígún la mọ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ dà á sínú odó tí Dádì gbé wá láti Iléṣà, wọ́n sì gún un bí ẹni ń gúnyán, títí ó fi ń fà, tó ń dán. Ẹni tó ń gbé òkè wa ń fi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ fún wa torí ariwo odó. Àǹtí Fúnkẹ́ ń gún un lọ.

Mọ́mì lọ wẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó ti ìkòkò, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó dà bí omi gbígbóná tí wọ́n kàn fi ẹran hàn. Ta ló máa jẹ èyí? Wọ́n á mú Màmá Nora lọ nìyẹn. Mo gun àga, mo gbé agolo ata gígún, mo bu ṣíbí kékeré kan sí i. Mo rò ó wò, mo tún bu ìkejì.

Màmá Nora dé pẹ̀lú ọmọ wọn. Dádì gbàdúrà títí oúnjẹ fi fẹ́ẹ̀ tutù. Màmá Nora bu ṣíbí kan sẹ́nu, wọ́n wúkọ́, ojú wọn pọ́n, omi sì bọ́ lójú wọn. Mọ́mì sáré tọ́ ọ wò.

"Ta ló fi ata sí i?"

Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ wọn dìde kó lọ bu omi, àmọ́ Màmá Nora na ọwọ́ dá a dúró. Wọ́n ní látọjọ́ tí àwọn ti sin ọkọ àwọn, gbogbo nǹkan ló ń rí bíi bébà lẹ́nu àwọn, èyí ni àkọ́kọ́ tí àwọn máa mọ̀ pé ó wà lẹ́nu. Wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì fa pòtétò wa, ó ń fà tẹ̀ lé e, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá àwọn á bínú tó bá rí i. Wọ́n ń nu imú, wọ́n ń jẹ, títí àwo fi mọ́. Ọmọ wọn wo àwo yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ilé arúgbó mọ́.

Mo rò pé mo ti bọ́. Àlejò lọ tán, Mọ́mì ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè. Mo ní ṣebí wọ́n jẹ ẹ́. Mọ́mì ní, "Wọ́n jẹ ẹ́, mo rí i. Ṣé mo ní kó o fi sí i ni?"

Ayé ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn. Mi ò mọ orúkọ ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi báyìí. Orí fóònù làwọn ọmọ mi ti ń ra oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń jókòó ti ìkòkò. Dádì kú lọ́dún tó kọjá, Mọ́mì sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò mọ adùn kankan mọ́. Mílíìkì inú ìgò tí dókítà ní kí n rà, wọn ò kà á sí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Sátidé tó kọjá, mo gbé odó Dádì jáde. Mo gún pòtétò, mo se ẹran àgùntàn, mo ṣe bí mo ṣe ṣe nígbà yẹn, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n wò mí.

"Ta ló fi ata sí i?"

Mo kúnlẹ̀, bí orúnkún tó ti ń dùn mí ṣe gbà mí láyè tó, mo sì káwọ́ sókè. Mọ́mì ò ní kí n dìde. Wọ́n ń jẹun.