Ọ̀nà Tí Bùsàrí Dí

Bàtà ni Bùsàrí ń tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì nínú ilé tí bàbá ńlá wọn kọ́. Ẹ̀gbẹ́ yàrá yìí ni gbogbo ará agbo ilé ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà jáde. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Bùsàrí kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ lágbo ilé, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò mọ̀ ju tara rẹ̀ lọ. Tábìlì kan ló kọ́kọ́ gbé sójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ó fi páànù bò ó. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó pe bíríkìlà, wọ́n mọ ògiri búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ìwọ̀nba ibi téèyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà ló ṣẹ́ kù.

Alhaja Memunat, tó dàgbà jù nínú ilé, ránṣẹ́ pè é.

"Bùsàrí, ibo lo fẹ́ ká máa gbà?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọjà ti kún inú ṣọ́ọ̀bù. Àbí ilé bàbá tèmi náà kọ́ nìyí?"

"Ilé bàbá ẹ ni. Ilé bàbá tiwa náà ni."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Ògiri kò kúrò. Àwọn yòókù ń kùn nínú yàrá wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jáde síta, "Ẹ kú ọjà o" ni wọ́n ń kí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bá oníbàárà nájà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe láti inú ilé. Hussainat ni, ìyàwó Ashraf tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá Bùsàrí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé e, wọ́n ń sáré bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ògiri, wọn ò lè kọjá.

"Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbé e kọjá!" ẹnìkan pariwo.

Hussainat ké. Kò ṣeé ṣe.

Bùsàrí bẹ̀rẹ̀ sí í fa páálí bàtà, ó ń jù wọ́n sí títì. Ṣùgbọ́n páálí kọ́ ló dínà. Ó fi èjìká ti ògiri, búlọ́ọ̀kù kò mì. Ashraf wò ó lójú, kò bú u.

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn," ló sọ fáwọn yòókù.

Wọ́n yí padà, wọ́n gbé àkàbà ti ògiri ọgbà ilé kejì, tipátipá ni wọ́n fi gbé obìnrin náà rékọjá.

Hussainat yè. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dànù ti pọ̀ jù kí wọ́n tó gbé e dé.

Bùsàrí ń retí èébú, kò rí i. Láràárọ̀ ni Ashraf ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, tó ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá." Ìkíni yẹn dùn ún ju èpè lọ. Nígbà tó ti ìrun Jímọ̀ dé, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé òòlù ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri náà. Àwọn kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Alhaja Memunat dá wọn dúró.

"Ẹ jẹ́ kó dá a wó." Ìyá náà kọjú sí wọn. "Àwa tá a ń wò ó níran nígbà tó ń mọ ọ́n ńkọ́?"



Kò pẹ́ sígbà náà ni Ashraf àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Ìkòròdú. Bùsàrí bá wọn gbẹ́rù. Bẹ́ẹ̀dì jáde, kọ́bọ́ọ̀dù jáde, kò sí èyí tó há sójú ọ̀nà. Nídìí mọ́tò, ó sún mọ́ Hussainat.

"Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

"Mo ti gbọ́, bọ̀dá," ló wí, ó sì wọ mọ́tò.