Ife Tí Ojú Bàbá Wà Lára Rẹ̀

Ẹ má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ife páálí. Ohun tí mò ń tà lọ́jà Sakété nìyẹn láti ìgbà tí àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn mi: ife páálí, abọ́ páálí, ọ̀rá, ṣíbí oníke, gbogbo ohun tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ó ń jù nù. Kó ife mẹ́ta síwájú mi, màá dijú, màá fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n, màá sì sọ èyí tí kàfé gbígbóná máa tú nídìí fún ọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ọjà ló kọ́ mi.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi kú ní Pobè, tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ní kí a tẹ fọ́tò bàbá sára ife tí àwọn àlejò máa fi mu nǹkan níbi ìsìnkú, èmi ni mo wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí n má purọ́. Fọ́tò náà ni èyí tí bàbá yà níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ́ bú ẹnì kan. A kó kàtọ́ọ̀nù mẹ́ta wálé, inú wa ń dùn. A ò mọ̀ pé wàhálà la kó wálé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa mu ọtí tán tí á fún ojú olóògbé mọ́wọ́, tí á sì sọ ọ́ sílẹ̀? Ní Pobè kẹ̀? Àwọn àlejò mu omi, wọ́n mu ọtí, wọ́n wá di ife mọ́wọ́, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ìyá àgbà kan tó wá láti Onígbòlò rọra gbé tirẹ̀ lé ojú fèrèsé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ sùn re o, bàbá." Ló bá di àṣà. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ojú bàbá mi ti wà lórí gbogbo fèrèsé, lórí ògiri, lórí ìdérí àmù, ó ń wò wá bíi pé gbogbo wa la ṣẹ̀ ẹ́. Mò ń sunkún, ẹ̀rín sì ń pa mí. Àwọn àgbà ní a ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ò sì lè dáná sun ún. A wá gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ilé, a bo àwọn èyí tí wọ́n ti lò mọ́ ibẹ̀. Àwọn tí a ò tíì lò kún kàtọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé wọn sínú yàrá rẹ̀, ni wọ́n bá bá ara wọn ní yàrá ìyá mi.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ o. Epo ló tà títí irun rẹ̀ fi funfun, bó bá sì ń pè ọ́ lójúde, awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Onígbòlò á gbọ́ láàárín ariwo ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá mi nìkan ló sì wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò sọ bó ṣe rí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n da aṣọ ẹlẹ́lùú bò ó, ó jókòó opó lórí ẹní, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ìloro títí wọ́n á fi mú un jáde. Ìyẹn ò dùn mí, àṣà wa ni. Ohun tó dùn mí ni pé ó pa ẹnu dé. Ó pa á dé sí ọ̀rọ̀, ó pa á dé sí oúnjẹ. Bí o bá kí i, á mi orí. Ẹ̀kọ tí a bá gbé kalẹ̀ fún un láàárọ̀ á wà níbẹ̀ di alẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sídìí ọjà mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bàbá ló ń pè é, ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí i rí, bí ọkọ ṣe ń lọ tí aya ń tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ. Mo fi bùtíìkì tí mo ti ń tajà lé ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́, mo gun táásì láti Sakété, mo sì ń bá bàbá mi jà lójú ọ̀nà nínú ọkàn mi: "Ẹ ti lọ, ó dùn wá. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa."

Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì ni mo bá nílé, ọmọbìnrin kan tó ti mọ̀wé díẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n wà ní ìsinmi ilé ìwé, òjò ò jẹ́ kí wọ́n jáde, iná ò sí, tẹlifóònù mi sì ti kú. Wọ́n ń gùn mí lórí. Ìgbà tó sú mi, mo fa kàtọ́ọ̀nù yẹn jáde lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. Mo ní, "Ẹ wá síbí, ẹ̀yin ọmọ Kútọnu tí ẹ ò mọ eré kankan àfi ti inú fóònù."

Mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò sídìí ife kan, mo fa òwú gba inú rẹ̀, mo ta kókó sí i, mo so ẹkùrọ́ mọ́ orí kejì òwú náà. Wàá di ife mú, wàá sọ ẹkùrọ́ sókè, wàá sì fi ife gbà á kó tó balẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn wo ojú tó wà lára ife.

"Táńtí, bàbá àgbà ò ní bínú pé à ń sọ ẹkùrọ́ lù wọ́n?"

"Abẹ́ ọ̀pẹ ni bàbá àgbà yín lo ayé rẹ̀. Ẹyìn tó ti já lù ú lórí ju èyí lọ. Sọ ọ́!"

Ó sọ ọ́, kò rí i gbà. Àbúrò rẹ̀ sọ tirẹ̀, ó bà á nímú. Èmi gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń yangàn. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ojú ìyá mi ń bá ẹkùrọ́ lọ sókè, ó ń bá a wá sílẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo da ife mẹ́ta délẹ̀ lórí ẹní, mo fi ẹkùrọ́ sábẹ́ ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn. Ọwọ́ mi yá, ẹni tó bá ń ka ife látàárọ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá. Àwọn ọmọ ní abẹ́ ti ọ̀tún, rárá. Wọ́n ní abẹ́ ti àárín, rárá. Wọ́n ní nígbà náà á jẹ́ ti òsì.

"Kò sí lábẹ́ ìkankan."

Ohùn náà há, ó ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì ṣí látọjọ́.

"Ó wà láàárín ìka rẹ," ni ìyá mi wí. "Bí bàbá rẹ ṣe máa ń rẹ́ mi jẹ nìyẹn, nígbà tó ń wá mi wá síbi tí a ti ń se epo. Agolo ni tiẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣe mí bíi kí n fò sókè. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó bí mi. Bí o bá pàtẹ́wọ́ fún un, á padà sínú ìkarahun rẹ̀. Mo fún ojú pọ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ parọ́ mọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká ta á. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ máa jẹ òkèlè ẹ̀kọ kan."

Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn. Mo yí ife, ó mú un. Mo tún yí i, ó mú un. Mo da aṣọ bo ọwọ́ mi, ó ṣì mú un. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ àwọn tó ń wọn epo, ta ló fẹ́ yí nǹkan mọ́ ọn lójú? Ẹ̀kọ wà lórí ìjókòó, ẹja díndín wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin yẹn ló fọhùn.

"Táńtí, ìyá àgbà ń borí, ebi sì ń pa wọ́n."

"Òfin ti yí padà," ni mo wí kíá. "Ẹni tó bá borí ló máa jẹun."

Ìyá mi wò mí títí. "Olè ni ọ́, ìwọ ọmọ yìí." Mo bu òkèlè kan sí i lọ́wọ́, ó sì jẹ ẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. A gé etí ife wẹ́wẹ́, a tẹ́ ẹ padà, ó di òdòdó, a so ó mọ́ fèrèsé. A to ife jọ lórí àpótí kan bí ilé alájà, àwọn ọmọ ń fi bọ́ọ̀lù tí mo fi akísà ká jù ú lulẹ̀, wọ́n ń tún un tò. Ìyá mi ò jẹ́ jù ú, ṣùgbọ́n òun ni adájọ́: "Ó ku ọ̀kan! Mo ní ó ku ọ̀kan, má fẹsẹ̀ tì í, oníwàyó!" Mo sì ń bu oúnjẹ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀ mi ò tan ara mi jẹ. Bí eré bá ti parí tí àwọn ọmọ sùn, ẹnu rẹ̀ á tún dé. Kò fìgbà kan béèrè oúnjẹ. Eré ló ń jẹ ẹ̀kọ yẹn, kì í ṣe òun. Ọjọ́ tí eré bá kúrò nílẹ̀, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ilé wa. Kì í wọ ibikíbi láì kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òjò ń lu páànù, a ò gbọ́ ikọ́. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni ọmọkùnrin yẹn ju bọ́ọ̀lù. Ilé alájà wó. Ojú bàbá mi fọ́n káàkiri ilẹ̀, ọ̀kan yí gbirigbiri títí dé iwájú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sùn síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Háà! Ta ló ní kí ẹ máa lu àbúrò mi?"

Àwọn ọmọ sá sẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Eré ni."

"Eré! Ojú òkú lẹ fi ń ṣeré? Nínú ilé opó? Ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Sakété nìyẹn?"

Ẹnu ń yún mi. Ká ní ẹlòmíràn ni, á ti gbọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ labẹ gé nínú ilé yẹn. Ó ní kí n kó gbogbo ife náà síta, pé lọ́jọ́ yẹn gan-an la máa bò wọ́n mọ́ ibi tí àwọn ìyókù wà, ó sì tẹ̀ ba láti ṣa wọn fúnra rẹ̀. Mo wo ìyá mi. Ó ti tẹ orí ba, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín itan. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo ní, ó parí. Bí ife bá ti jáde, oúnjẹ náà jáde.

"Ọkọ mi."

Ìyá mi ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró gbọnrangandan, nítorí láti ọjọ́ ìsìnkú, orí lásán ló fi ń dá a lóhùn.

"Mò ń gbọ́, ìyàwó."

"Ẹ̀ ń wò ó pé wọ́n ń jù ú lulẹ̀. Ẹ ò dúró wò ó tán." Ó gbé orí sókè. "Ó ti ṣubú tẹ́lẹ̀, ọkọ mi. Ìṣojú mi ló ti ṣubú. Mo fà á lápá, mo fà á lẹ́wù, mo pariwo, agbára mi ò ká a. Mi ò rí i gbé dìde. Àwọn ọmọ yìí ni wọ́n ń gbé e dìde láti ọjọ́ yìí. Bó bá ti ṣubú, wọ́n á gbé e dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba èyí lójú mi."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá àpótí kan, ó jókòó. Ó mú ife tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e nàró. Ó mú òmíràn, ó gbé e lé e. Ó tò wọ́n wọ́. Ọmọkùnrin yẹn yọ jáde lẹ́yìn mi.

"Bàbá àgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ da ife dojú délẹ̀, á dúró."

"Ó dáa, fi hàn mí," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá mi ò tilẹ̀ bojú wò mí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Èmi ni mo borí," ó ní. "Ẹ̀kọ mi dà?"

Mo fò dìde, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé, mo kọlu àpótí, gbogbo ife tí wọ́n ń tò wó lulẹ̀ wàràwàrà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Bí mo ṣe ń ṣí ìkòkò, mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́yìn mi tó ń ṣà wọ́n, tó ń tún wọn tò.