Ìbọn Igi Lójú Ọ̀nà Okpomẹta

Iṣu ni mo ń bó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọyẹ́ sì mú gan-an. Láti ìdájí ni rédíò ti ń kọ orin ológun. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́: àwọn ọmọ ogun àgbàṣe ti fi ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí Kútọnu láti wá gba ìjọba, ìbọn sì ń dún nígboro. Wọ́n ní kí gbogbo abúlé ṣọ́ ọ̀nà wọn, pé àwọn kan lè ti sá wọ igbó.

Ògúndélé ọkọ mi ní a ò lè jókòó sílé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré wa, àwọn ará Okpomẹta sì ń retí eré wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ipa sójà ló máa ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìgbà náà, ipa yẹn lẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ sì rò pé àwàdà lásán ni. Sójà gidi ni. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni àwọn Faransé kó o lọ jagun ní Àlùjẹ́ríà, kakí tó wọ̀ bọ̀ ló sì fi ń ṣeré. Kò sọ nǹkan kan fún mi rí nípa ogun náà. Ìbọn rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe gidi: ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ìlú wa ló bá a gbẹ́ ẹ, ó kùn ún dúdú, kò sì sí ẹni tó rí i lókèèrè tí kò ní sá.

"Bàbá Ṣadé, ẹ bọ́ kakí yìí," ni mo wí. "Ìlú ò fara rọ."

"Ta ni kò mọ̀ mí ní Kétu?" ló fi dá mi lóhùn.

Kétu ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Orí kunkun rẹ̀ ò jẹ́ kó rántí pé Okpomẹta là ń lọ, a ò sì ṣeré níbẹ̀ rí.

Ọkọ̀ bàṣé kan, akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn, ló gbé wa. Ara mi ò balẹ̀ rárá. Àwọn obìnrin ń kó ọmọ àti ewúrẹ́ wọ oko, kò sì sí ẹni tó kí wa nínú wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọjá láìkíni, nǹkan ń lé e bọ̀ ni.

Nígbà tí a sún mọ́ abúlé, a rí igi gbọọrọ tí wọ́n gbé dínà. Ẹnì kan yin ṣakabùlà sókè, gbàù! Dírẹ́bà wa bẹ́ sílẹ̀, ó di inú igbó. Òun ló bà á jẹ́ fún wa, nítorí ta ní ń sá bí kò ṣe ẹni tó lẹ́bi? Ọkọ mi náà bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sá, kò sì nawọ́ sókè. Ó dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ìbọn igi náà lé èjìká, ó sì nà án sí wọn.

"Èhúzú!" Délégé ló ké bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé. Kíkí ìjọba ológun wa nìyẹn, "Ayé ti yí padà" lédè Fọ̀n; ọmọdé pàápàá mọ̀ nígbà yẹn pé "Dàndàn!" ni ìdáhùn rẹ̀. Ọkọ mi ò dáhùn.

"Sọ ìbọn ẹ sílẹ̀!"

"Igi ni o!" ni mo ń pariwo. "Òṣèré ni wá!"

"Òṣèré wo ló ń dọ̀bálẹ̀ báyìí? Sójà nìyẹn!" Ó gbé ìbọn tirẹ̀ sójú.

Mo wo ojú ọkọ mi. Kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ó ń sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹnì kan tí n kò rí. Mo mọ̀ pé wọ́n á pa á lójú mi.

Àwa òṣèré ìgbà náà ò ní ìwé tí a ń há sórí. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á gbè é. Òfin Ògúndélé ni pé bí ilé tilẹ̀ ń jó, ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ sí gbọ́dọ̀ fèsì. Mo tú gèlè mi, mo fi gbàjá, mo sì bú u bí mo ṣe ń bú u lójú agbo:

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ sógun, wọ́n kó ẹrú bọ̀. Ìwọ lọ sógun, iná orí lo kó bọ̀!"

Ètè rẹ̀ mì.

"Ìyàwó, má fojú di mí," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ṣé o rò pé wọ́n rọrùn-ún mú? Láàyè ni mo mú gbogbo wọn!"

Obìnrin kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Délégé rẹ́rìn-ín títí ìbọn fi bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọkọ mi dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ tún un ṣe ká gbọ́."

Ìtọ̀ ti mú kí ṣòkòtò kakí náà tutù mọ́ ọn nídìí. Ó tún un ṣe. Wọ́n ní kó tún un ṣe sí i, ó sì tún un ṣe. Inú bí mi sí ẹ̀rín wọn ju bó ṣe bí mi sí ìbọn wọn lọ, síbẹ̀ èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí dírẹ́bà wa jáde nínú igbó, a padà sílé. Rédíò ní àwọn ọmọ ogun náà ti sá lọ, ogun ti parí. Mo bu omi sínú abọ́ fún un kó fi fọ ẹsẹ̀. Omi wọ́n nílùú wa lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n mo bù ú kún.

"Ìyá Ṣadé," ló wí, "ta ni mo yìnbọn fún?"

"Ẹ ò yìnbọn fún ẹnì kankan. Igi ni."

Ó mi orí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

"Ti òní kọ́ ni mò ń bi ọ́, ti Àlùjẹ́ríà ni."