Orúkọ Ìbùkún Lẹ́nu Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ orin ni Morónkẹ́ gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ọláìtán wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń yí kòkó tó sá sóòrùn, ó ń kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Dò, dò, mí."

"Bàbá Ayọ̀mídé, iyán ń tutù o!"

"Mò ń bọ̀ jàre. Ìbùkún ti gba dò méjèèjì. Mí ló kù."

Kò wọlé wá jẹ iyán náà. Nígbà tí Morónkẹ́ máa fi jáde lọ pè é, ó ti ṣubú sórí kòkó.

Àgbẹ̀ ni Ọláìtán, òun náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìpótì. Láràárọ̀ Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọmọ tí ilé ìwé ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe tiwọn jọ síbẹ̀. Ayọ̀bọ́lá ò ríran. Olúwafẹ́rànmí ò lè gbé ọrùn ró. Ìbùkún, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, kò tíì sọ̀rọ̀ kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọláìtán kì í fi orin ìjọ bẹ̀rẹ̀, orúkọ wọn ló kọ́kọ́ ń kọ́ wọn. Ó ní kò sí orúkọ Yorùbá tí kò ní orin nínú: bí ohùn bá lọ sílẹ̀, dò ni, bó bá wà láàárín, re ni, bó bá gòkè, mí ni. Bí ọmọ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ orúkọ rẹ̀ sórí dùùrù, inú ọmọ á dùn yàà.

Ti Ìbùkún ni dò, dò, mí. Àṣàbí, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà, jókòó síta, ó gbọ́ ọ gbọ́ ọ, ló bá gba ilé lọ, ó dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbóná wá.

"Tíṣà, ẹ ti ń pe dòdò sí ọmọ yìí létí látàárọ̀, ẹ ò sì fún un jẹ!"

"Ìyá, orúkọ rẹ̀ ni mò ń kọ."

"Orúkọ wo? Dòdò mi ni mo gbọ́ ketekete. Ẹ má febi pa ọmọ mi nítorí dùùrù o!"

Ọláìtán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣèlérí fún ìyá pé, bó bá di ìkórè àwọn ọmọdé, Ìbùkún á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ tán níwájú ìjọ. Ọmọ náà a máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Ọláìtán lọ́fun, kó lè mọ bí orin ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀, títí òun náà fi kùn ún lọ́jọ́ kan: "Dò... dò."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Morónkẹ́ rò pé ẹ̀kọ́ orin àwọn ọmọ náà ti parí nìyẹn. Àfi bí Àṣàbí ṣe fa Ìbùkún wọlé ní Sátidé kan.

"Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ má bínú. Látàárọ̀ ló ti ń fà mí láṣọ. Mo ní Tíṣà ò sí ní ulé mọ́, kò gbà."

Morónkẹ́ ò mọ dùùrù tẹ̀. Ìwé kẹta ló kà mọ. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó gbé ọwọ́ kékeré náà lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ pé, "Dò, dò, mí."

Ìbùkún gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Dò... dò."

"Ó ku ẹyọ kan, ọmọ mi. Ó ku ẹyọ kan."

Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Morónkẹ́ ni wọ́n ń pé jọ sí. Ìkórè ti dé, ó ti kọjá. Ayọ̀bọ́lá kọ orúkọ tirẹ̀, Olúwafẹ́rànmí kọ tirẹ̀. Ìbùkún kọ dò méjèèjì, ó sì jókòó. Kò tíì kọ mí.