Ìlù Tí Mo Lù Lẹ́yìn Odi Ọ̀wọ̀

Tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù. Agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo padà sí yunifásítì láti gba digírì kejì nínú orin, inú àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fi ìdánwò ìlù mi sí. Dírọ́ọ̀mù ni mo ń lù jẹun, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìsìnkú. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n máa ní kí n máa lọ sílé ni.

Mo wá ń fi pílò kọ́ra nílé wa ní Ọ̀wọ̀. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi tó ti dolóògbé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń fi ọ̀pá ìlù lù ú jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi kanlẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, wọn kì í sọ ìsọkúsọ.

"Ọma mi, gbé ùlù yẹn sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá ká wa mọ́ ulé ni?"

Mo fi pílò hàn wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì, wọ́n ní àwọn gbọ́ ìlù dé kíṣìnì. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé etí àgbà, ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni yàrá yẹn ti ń bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wọlé lọ kọ́ra, torí kò sí ìdánwò tó ń dúró de ojo.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Mo sọ fún ara mi pé èèwọ̀ wa kò dé ìlú tí yunifásítì wà. Mo jókòó ti dírọ́ọ̀mù níwájú àwọn olùkọ́, mo sì lù ú.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ fáànù tó ń yí lókè, mo ń gbọ́ ìwé tí olùkọ́ kan ń ṣí. Ìlù nìkan ni n kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ awọ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo dé àárín, mo sáré níbi tí kò yẹ kí n sáré, torí mo fẹ́ kó tètè tán.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olórí wọn ní mo yege, pé kí n kàn máa fara balẹ̀ láàárín. Bí mo ṣe jáde ni màmá mi pè mí lórí fóònù. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fi ùlù náà sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Màámi, mi ò sí nílé. Yunifásítì ni mo wà láti àárọ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ìlù mi ketekete láti inú fóònù. Ibi tí mo ti sáré, ibẹ̀ náà ló ti sáré.

Wọn kò pa fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìta.

Wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Ọma mi ló ń múra ìdánwò nínú yàrá."